Ìlà Tí Kò Sí Nínú Ìwé Owó

Sátidé kejì nínú oṣù ni Àpò Àjọní máa ń pàdé,
ní kíláàsì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjòmù,
lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n kàn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ;
orúnkún wa a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wa.
Èmi ni akápò.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ni ní ìṣirò,
síbẹ̀ ìṣirò yìí ń mú mi làágùn.

Owó tó ń wọlé kò lórúkọ ńlá.
Àwọn ọlọ́kadà Ọ̀bà-Ilé kó ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án wá,
gbogbo rẹ̀ igba-igba náírà, òórùn bẹntiróòlù lára rẹ̀.
Bàbá Akínṣẹ̀yẹ ta kòkó ní Ìdànrè, ó bu ìdá kan nínú mẹ́wàá,
ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti gba tiwọn, tiyín nìyí.
Ẹnì kan sì wà ní Arákàlẹ̀ tí a kò rí ojú rẹ̀ rí,
tó máa ń ti owó bọ abẹ́ ilẹ̀kùn mi lóṣooṣù.
Òwú ìránṣọ ló fi ń dì í.
Bí a ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Mọ́kànlá ni àwọn tó tọrọ.
Ilé àwọn àgbà ní Òkè-Àró: òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin.
Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití: olùkọ́ méjì kò gbowó láti oṣù Òkúdu.
Àwọn obìnrin tó ń se oúnjẹ fún aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀ wò,
ìkòkò wọn ti lu.
Ọ̀gbẹ́ni Fágbèmí, tó ń gba ọmọ tó sá nílé sọ́dọ̀,
kọ lẹ́tà ojú-ewé mẹ́fà;
a ka ẹyọ kan, ó rẹ̀ wá.

Mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀,
mo kọ ohun tó wà ní báńkì sábẹ́ rẹ̀.
Obì aláwẹ́ mẹ́rin, àlejò mọ́kànlá.
Ìyá Ọmọ́tádé ní ká fún oníkálukú ní díẹ̀díẹ̀.
Alága ní rárá, ìdajì òrùlé kò dá òjò dúró.
A jiyàn títí oòrùn fi kúrò lójú pátákó.
Níkẹyìn a kan òrùlé.
A san owó olùkọ́ kan nínú méjì.
Ẹgbẹ̀rún márùndínlógójì tó ṣẹ́ kù,
a fi fún Mọ́rádékẹ́ Olówólàfẹ́ ní Òkè Ìjẹ̀bú,
táyà kẹ̀kẹ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé.
Lẹ́tà "ẹ má bínú" mẹ́jọ ni mo kọ.
Báírò gbẹ lórí ẹ̀kẹta. Mo mọ ọwọ́ tí yóò ṣí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, odò Àlá ti ń wá afárá bọ̀,
ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi nínú òjò.
Mọ́rádékẹ́ tú ọ̀rá dúdú, ó yọ rìsíìtì mẹ́rin,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ wọ́n kí wọ́n má baà ká.
Ó wá ka egbèje náírà sórí tábìlì.
"Ẹni tó ta táyà dínwó fún wa.
Ó ní ìyá òun jókòó sórí irú rẹ̀ kó tó kú."
Mo ní, ẹ fi ra ọṣẹ, ìyá.
Ó ní, "Táyà lẹ ní kí n rà.
Ẹ̀yin náà ṣáà ní ẹni tí ẹ ń jíyìn fún."

Mo ṣí ìwé.
Ìlà owó tó wọlé wà níbẹ̀, ìlà owó tó jáde wà,
ìlà ohun tí wọ́n tọrọ tí a kò rí fún wọn,
òun ló gùn jù.
Owó tó padà wálé kò ní ìlà.
Mo wá rúlà tì.
Mo fi ẹ̀gbẹ́ páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi fa ọ̀kan;
ó wọ́ díẹ̀.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀: egbèje.

Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó, òjò ń lu páànù,
mo ń ro bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ní Òkè-Àró, tó gbẹ lálẹ́ yìí,
àti olùkọ́ kejì.